Àtọ̀gbẹ Wà Nínú Ìdílé: Ohun Tí Rírìn àti Gígun Òkè Lè Ṣe Kí Ṣúgà Má Baà Ga

Ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Àfìn àti àwọn ìlú Àkókó yòókù, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu èèyàn bí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ bá délẹ̀: "Ó wà nínú ìdílé wa." Ẹni tí àìsàn yìí pa bàbá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ náà sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, á máa rò ó pé ìgbà tó máa kan òun ló kù. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rárá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn wá ìdààmú.

Òótọ́ ni pé oríṣi àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti dàgbà, máa ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní i, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní irú ẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ bàbá àti ìyá ló ní i, ewu náà tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n pé ewu wà kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti dé. Ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1986 fi hàn pé ẹni tó bá ń lo ara rẹ̀ dáadáa lè sún àtọ̀gbẹ síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ alátọ̀gbẹ mọ èyí, kí wọ́n sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ṣúgà ń lọ

Iyán ni o, ẹ̀bà ni o, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, bí èèyàn bá ti jẹ ẹ́ tán, ara á sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà náà á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló ń pèsè ínsúlìn. Iṣẹ́ ínsúlìn dà bíi ti ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn: òun ló ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan, kí ara lè lò ó bí ọkọ̀ ṣe ń lo epo. Iṣan ara, pàápàá àwọn ńlá tó wà ní itan àti ẹsẹ̀, wà lára ibi tó lè gba ṣúgà jù.

Lára ọ̀pọ̀ ọmọ alátọ̀gbẹ, ilẹ̀kùn yìí ti máa ń há díẹ̀díẹ̀, kódà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ara wọn sì le. Ínsúlìn á kanlẹ̀kùn, iṣan ò ní tètè dá a lóhùn. Ara á wá máa pèsè ínsúlìn sí i kí ṣúgà má baà ga. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni náà ò sì ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá rẹ ibi tó ń pèsè ínsúlìn, tí kò lè ṣe tó mọ́, ọjọ́ náà ni ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ibí yìí gan-an ni eré ìdárayá ti wúlò. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ní ilẹ̀kùn mìíràn tó máa ń ṣí láìdúró de ínsúlìn. Ẹni tó ń rìn kíákíá ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá sinmi tán pàápàá, iṣan náà á ṣì máa tètè dá ínsúlìn lóhùn fún bí ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń sọ pé kí ọjọ́ méjì má tẹ̀ léra kọjá láìṣe eré ìdárayá. Ẹni tó bá fi ọjọ́ Sátidé nìkan gbá bọ́ọ̀lù, tó wá jókòó láti Sọ́ńdè títí di Fúráìdè, èrè Sátidé yẹn á ti tán lára rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín.

Gígun òkè àti ọmọ alátọ̀gbẹ

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n mú àgbàlagbà 10 tí òbí wọn ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ tí àwọn fúnra wọn ò tíì ní i, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 8 mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ kan tó dà bíi pé èèyàn ń gun àtẹ̀gùn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, iṣan àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ yìí ti ń gba ṣúgà wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ilẹ̀kùn tó ń há ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Owó ni wọ́n fi ń ra irú ẹ̀rọ yẹn lókè òkun. Ní Ọ̀kà, Ọlọ́run ti fi òkè jíǹkí ìlú. Ìkàrẹ́ náà ò ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àpáta ló yí i ká. Ẹni tó bá gun òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fa àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí àwọn tí orírun wọn jọ ara wọn máa ní in bákan náà níbikíbi tí wọ́n bá wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Charles Rotimi ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 2 ló ní àtọ̀gbẹ. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, wọ́n tó 9. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tó 11. Bí ìrìn àti iṣẹ́ agbára ṣe ń dín kù, tí ara sì ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀.

Nàìjíríà pàápàá kò dúró síbi tó wà nígbà yẹn. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkùgbé, gbajúgbajà dókítà ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, jẹ́ alága fún ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn ọdún 1990, wọ́n sì rí i pé 2.2 nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn dókítà mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ilẹ̀ wa jọ ní 2018, iye náà ti súnmọ́ 6 nínú 100. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ti pọ̀ sí i, ọ̀nà tí wọ́n gbà ka iye náà ò sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìdílé ò lè yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ìgbé ayé ló yí padà.

Àwọn àgbà Àkókó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá àgbà fi ń lọ sóko, tí wọ́n ń fi orí ru iṣu àti igi ìdáná bọ̀ wálé, tí wọ́n á gun òkè tí wọ́n á tún sọ̀ ọ́. Lónìí, ọ̀kadà á gbé ọmọ wọn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó di kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ọ̀kadà tún gbé e padà sílé wá jẹ iyán alẹ́. Iyán kan náà tí bàbá àgbà ń jẹ ni, àmọ́ bàbá àgbà ti fi ẹsẹ̀ àti ọkọ́ sanwó tirẹ̀. Ọmọ jogún ẹ̀jẹ̀ bàbá, kò jogún ìrìn tí bàbá ń rìn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù

Ìwádìí tí àwọn dókítà káàkiri ayé ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ṣe ní ibùdó 27 ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn 3,234 ló kópa. Ṣúgà wọn ti ga díẹ̀, àmọ́ kò tíì di àtọ̀gbẹ. Nǹkan bíi 7 nínú 10 wọn ló ní ẹbí tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà lára wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún apá kan ní oògùn metformin. Wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Apá kẹta ò gba oògùn, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín oúnjẹ kù títí ara wọn á fi fúyẹ́ díẹ̀: ẹni tó wọn 90 kílò á gbìyànjú láti yọ bíi 6 kílò kúrò.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, nínú 100 àwọn tí kò gba oògùn gidi, bíi 29 ló ti ní àtọ̀gbẹ. Nínú àwọn tó lo metformin, bíi 22. Nínú àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì dín oúnjẹ kù, bíi 14 péré. Àwọn tó ti lé lẹ́ni 60 ọdún ló tiẹ̀ jèrè ìrìn náà jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe kò ju kí wọ́n máa rìn kíákíá lọ.

Nígbà tó di 2006, àwọn onímọ̀ tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yìí wò fún àmì àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní TCF7L2. Àmì yìí máa ń mú kí ewu àtọ̀gbẹ pọ̀ sí i, wọ́n sì ti rí i lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà. Láàárín àwọn tí kò yí nǹkan kan padà, àwọn tó jogún àmì náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá tètè ní àtọ̀gbẹ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì dín oúnjẹ kù, àfikún ewu yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Ẹni tó bá ń rò pé oúnjẹ tí wọ́n dín kù nìkan ló ṣe é lè wo ìwádìí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Da Qing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní 1986, pẹ̀lú àwọn 577. Níbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, bíi 41 nínú 100 wọn ló ní àtọ̀gbẹ. Nínú àwọn tí wọn ò fún ní ìtọ́ni kankan, bíi 68 ni.

Bí èèyàn ṣe lè ṣe é ní ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni, fún ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn náà gbọ́dọ̀ yá. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ nìyí: ẹni tó ń rìn dáadáa á lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, àmọ́ èémí rẹ̀ ò ní gbà á láti kọrin. Bó bá ṣì lè kọrin, kó fi kún ìrìn rẹ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kó rọra.

Kò pọn dandan kó ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn àgbàlagbà 10 wò, tí wọ́n ti lé lẹ́ni 60 ọdún, tí ṣúgà wọn sì ti ń ga bọ̀. Àwọn èèyàn náà ò pọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n rí ṣe kedere: kí èèyàn rin ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, 15 lẹ́yìn tọ̀sán, àti 15 lẹ́yìn talẹ́, ó mú ṣúgà wálẹ̀ bíi kó rin ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Fún ṣúgà tó máa ń ga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìrìn kékeré yẹn tiẹ̀ dáa jù. Ẹni tó bá jẹ iyán tán lálẹ́, dípò kó na ara sórí àga, kó rìn yí àdúgbò ká kó tó wọlé sùn.

Iṣẹ́ ìjókòó la ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Télọ̀, awakọ̀, ọlọ́kadà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti ìyá ọlọ́jà tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n máa dìde lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n rìn síwá sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó máa wọ ọ̀kadà lè sọ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, kó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Ó tún yẹ kí iṣan gba agbára sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí pé bí iṣan bá ṣe tóbi tó ni àyè ṣúgà ṣe máa pọ̀ tó. Kò gba owó. Kí èèyàn jókòó sórí àga, kó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kó tún jókòó, ní ìgbà mẹ́wàá. Kó gbé ọwọ́ lé ògiri, kó máa tì í bí ẹni fẹ́ wó o. Pípọn omi àti gígún iyán wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi ọmọ odó gún iyán ti ṣe díẹ̀ nínú eré ìdárayá rẹ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó kàn wẹwọ́ jókòó tì í ni kò tíì ṣe nǹkan kan. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní tirẹ̀ ti ń ṣe ju èyí tí dókítà ń béèrè lọ, ní ìwọ̀nba ìgbà tó bá ń lọ sóko.

Kí ẹni tó ń rìn sì ṣọ́ ohun tó ń mu. Ṣúgà tó wà nínú ìgò mínírà ńlá kan lè ju kóró ṣúgà 10 lọ. Ẹni tó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó wá fi mínírà tutù paná òùngbẹ, ti da púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ nù.

Má dúró de èèrà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí èèrà kò bá kó jọ síbi tí àwọn tọ̀ sí, kò sí àtọ̀gbẹ lára àwọn. Àṣìṣe ńlá ni. Ṣúgà kì í sábà jáde nínú ìtọ̀ àfi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá tó nǹkan bíi 180 mg/dL. Nígbà tí èèrà bá fi máa mọ̀, ó ti pẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àyẹ̀wò àárọ̀, kí èèyàn tó jẹun, ló dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà ti lo bíi wákàtí mẹ́jọ láìjẹ, láìmu nǹkan kan yàtọ̀ sí omi. Bí èsì bá wà lábẹ́ 100 mg/dL, ó dáa. Bó bá wà láàárín 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni: ṣúgà ti ń gòkè, àmọ́ ọ̀nà àbáyọ ṣì gbòòrò, irú àwọn èèyàn tó wà nínú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn nìyẹn. Bó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì sọ bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ìwárò-Ọ̀kà, àti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí, ni ibi tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè. Ọmọ alátọ̀gbẹ tó bá sanra, tàbí obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà tó lóyún, kò yẹ kó dúró dìgbà tó bá dàgbà kó tó lọ.

Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ti ń lo oògùn

Ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ lè ṣe eré ìdárayá, ó sì yẹ kó ṣe é, àmọ́ kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù lójú ọ̀nà. Àmì rẹ̀ ni kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí òógùn tutù bo ara, kí ebi máa pa á lójijì, kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sápò, kó jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó bá rí àmì yìí, kó sì jókòó. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa, kó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bó bá délé, torí pé egbò kékeré lè di ńlá lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ láìmọ̀. Ẹnikẹ́ni tí àyà bá ń dùn nígbà tó ń gun òkè, kó dúró, kó lọ rí dókítà. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa oògùn tì torí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nípa ojú ọ̀nà, kí ẹni tó ń rìn sá fún títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Inú àdúgbò ló dáa jù, láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kó sì dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìyá tí ṣúgà rẹ̀ ti ga lè mú ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání lọ rìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ìrìn náà á wúlò fún ìyá, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára àwọn ọmọ kí ilẹ̀kùn tiwọn tó há. Bí àtọ̀gbẹ bá ti wà nínú ìdílé, kí ìrìn náà wà nínú ìdílé.